Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí Iná Jó àti Ilé Gogoro tí A Kọ́ Mọ́ Ọn

Ní àárín ìlú Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àlejò kì í rìn jìnnà kí ó tó pàdé irú ìran yìí: ilé biríkì kékeré kan, alájà méjì tàbí mẹ́ta, tí a ti kọ́ láti ọ̀rúndún 19, jókòó sí etí títì, lẹ́yìn rẹ̀, ilé gogoro onídígí tí àjà rẹ̀ ju 30 lọ yọ sókè bí ẹni pé láti inú òrùlé ilé kékeré náà ni ó ti hù. Àwọn ilé méjèèjì kì í ṣe aládùúgbò lásán. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, àdéhùn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀, ilé àtijọ́ náà sì sábà máa ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà, yàrá ìpàdé tàbí ilé oúnjẹ fún àwọn tó ń gbé inú ilé gogoro. Nígbà mìíràn, iná ti jó ilé àtijọ́ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ilé tí iná jó kò tíì kú, kò sì yè. Ohun tí a bá ṣe sí i láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iná ni yóò sọ bóyá yóò tún jẹ́ ilé, tàbí yóò di ògiri kan ṣoṣo tí a lẹ̀ mọ́ iwájú ilé ẹlòmíràn.

Irú ilé gogoro tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ni àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà ń pè ní kọ́ńdò. Ẹni tó ra fúláàtì nínú rẹ̀ ni ó ni ín. Ó lè tà á, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀, òrùlé, àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ agbéniròkè àti ọ̀nà àbáwọlé jẹ́ ti gbogbo wọn lápapọ̀. Ó fi èyí jọ agbo ilé Yorùbá, níbi tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti ní olúwa ṣùgbọ́n tí ojúde àti kànga jẹ́ ti gbogbo ilé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé kò sí baálé nínú kọ́ńdò, kò sì sí ìtàn kan tó pa wọ́n pọ̀. Owó ni ó kó wọn jọ, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ni ó sì ń darí wọn. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí iṣẹ́ bá parí, àwọn àjèjì wọ̀nyí ni yóò jogún ilé àtijọ́ náà.

Kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gogoro kò kúkú wó ilé kékeré náà dànù? Òfin ni. Ìpínlẹ̀ Ontario, tí Toronto jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ṣe òfin lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1975. Òfin náà fún ìgbìmọ̀ ìlú lágbára láti kọ orúkọ ilé sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá. Ṣùgbọ́n fún 30 ọdún, eyín òfin náà kò mú tó: bí onílé bá fẹ́ wó ilé rẹ̀, ìlú lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ bí àkókò náà bá ti kọjá, onílé lè gbé katakata lọ síbẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n tún òfin náà ṣe tí ìlú fi gba agbára láti sọ pé rárá, kí rárá náà sì dúró, àfi bí onílé bá pẹjọ́ tó sì jàre. Ìdúnàádúrà wá di àṣà. Onílé yóò ní òun yóò tọ́jú ilé àtijọ́ náà, òun yóò sì tún un ṣe. Ìlú yóò gbà kí ó kọ́ àjà púpọ̀ ju èyí tí ìlànà àdúgbò náà là sílẹ̀ lọ. Wọn yóò kọ àdéhùn náà mọ́ ìwé ilẹ̀, kí ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lọ́la má lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ìdúnàádúrà náà lè gba ọdún púpọ̀, ilé tó ń dúró dè é sì sábà máa ń ṣófo ní gbogbo àkókò yẹn. Kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ òórùn èéfín lóru. Ẹni tí kò rí ibi sùn lè wọlé kí ó dáná yá nígbà òtútù. Wáyà tó ti gbó lè gbaná. Àwọn ọmọ ìta lè fi ìṣáná ṣeré. Iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ kì í ṣe ààbò. Ní ìlú Glasgow, ní Scotland, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Charles Rennie Mackintosh ya àwòrán rẹ̀ jóná ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́ nígbà tí iná kejì, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2018.

Nígbà tí iná bá kú tán, ojú lásán kò lè sọ ohun tó ṣẹ́kù. Ohun tó dúdú jù lọ lè jẹ́ ohun tó yè jù lọ. Biríkì ti la iná kọjá kí ó tó di biríkì: inú iná ìléru tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,000 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sun ún, nítorí náà iná ilé kì í sábà pa á. Igi tó nípọn náà ní ààbò tirẹ̀. Ìta rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ di èédú, ní ìwọ̀n tó tó mílímítà 0.7 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, èédú náà yóò sì dà bí aṣọ tó bo inú igi lọ́wọ́ ooru. Bí iná bá jó ìtì igi ńlá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ni yóò ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó fara kan iná lọ. Bí wọ́n bá ha èédú náà kúrò, àárín igi lè ṣì gbé ẹrù. Irin ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Irin kì í jó, ṣùgbọ́n bí ooru ara rẹ̀ bá ti dé nǹkan bí 550 sí 600, agbára rẹ̀ ti dín kù tó ìdajì. Yóò tẹ̀, yóò sì ti ògiri tàbí kí ó fà á. Àwọn òpó irin tí wọ́n dà sínú àpótí yanrìn fún ilé ọ̀rúndún 19 tún ní àléébù mìíràn: bí omi tútù àwọn panápaná bá bà wọ́n nígbà tí wọ́n gbóná, wọ́n lè sán.

Òkúta máa ń sọ ìtàn iná ju gbogbo wọn lọ. Púpọ̀ nínú òkúta ẹfun tó ní èròjà irin díẹ̀ nínú a máa yí padà di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ooru bá ti dé nǹkan bí 250 sí 300. Ẹnjiníà tó bá lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ògiri, tó sì yọ ègé òkúta jáde, lè wo ibi tí àwọ̀ náà ti parí kí ó sì mọ bí ooru ti wọlé jìn tó. Òkúta gíránáìtì kì í yí àwọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, nítorí pé kírísítà tó wà nínú rẹ̀ ń fẹ̀ lójijì nígbà tí ooru bá dé 573. Irú àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ. Láìsí i, ẹni tó fẹ́ kí ilé náà pa rẹ́ yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, kò sì ní sí ẹni tó lè já èkejì ní irọ́.

Síbẹ̀, ohun tó léwu jù lọ lẹ́yìn iná ni ohun tí kò sí mọ́. Nínú ilé biríkì àtijọ́, àwọn igi àjà ni ó so ògiri ọ̀tún mọ́ ti òsì. Òrùlé ni ó so gbogbo wọn lórí. Bí iná bá jẹ igi wọ̀nyí tán, ògiri tó ga tó mítà mẹ́wàá yóò kàn dá dúró ni, láìsí ohun tó dì í mú láti ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ líle sì lè tó láti bì í ṣubú. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fi lè fẹ́ pàṣẹ lọ́jọ́ kejì iná pé kí wọ́n wó o. Wọn kò ṣe ìkà. Àwọn ènìyàn ń kọjá lójú títì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ilé náà là, àwọn irin ìtilẹ́yìn gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n há ògiri náà nínú àti lóde. Owó ńlá ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ó sì ń wá ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tí yóò san án: onílé ni, tàbí ìlú, tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò.

Lẹ́yìn náà ni omi. Èyí tí àwọn panápaná tú sínú ilé ti rin biríkì gbingbin, òjò yóò sì máa bá a lọ láti ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀. Igi tó yè nínú iná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu olú, yóò sì jẹrà. Ní Toronto, nígbà ọ̀gìnnìtìn, omi inú biríkì yóò di yìnyín. Bí omi bá di yìnyín, ó ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò yọ́ lọ́sàn-án, yóò tún dì lóru, ojú biríkì yóò sì máa bó díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gìnnìtìn méjì láìsí òrùlé lè ṣe ilé ní ibi ju iná alẹ́ kan lọ. Òrùlé ìgbà díẹ̀ tí a fi irin àti tapólì ṣe kò dára lójú, kò sì ní ìtàn kankan nínú, ṣùgbọ́n òun ni oògùn àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n kọ̀ láti fi bò lẹ́yìn iná, ó ṣòro kí a gbà pé wọ́n fẹ́ kí ó yè.

Toronto mọ̀ bí àìbìkítà ṣe ń pa ilé, kódà láìsí iná. Walnut Hall jẹ́ àwọn ilé biríkì tó so mọ́ra ní òpópónà Shuter, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1856. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjogúnbá. Ó ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjò ń wọ inú rẹ̀, títí apá kan rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, tí wọ́n sì wó ìyókù nítorí ààbò. Ti ilé tí wọ́n ń pè ní Empress Hotel, ní ìkóríta Yonge àti Gould, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1888 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ògiri rẹ̀ kan ya lulẹ̀ sójú títì. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, iná ńlá jó o. Àwọn ọlọ́pàá ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dáná náà ni. Wọ́n wó ohun tó kù, kò sì sí ilé gogoro kankan tó lè gbà á mọ́ra mọ́.

Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo èyí kò rọrùn láti sọ síta: ta ni iná ń ṣe lóore? Ilẹ̀ tí ilé àjogúnbá wà lórí rẹ̀ kò tó ilẹ̀ òfìfo lówó lójú ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gogoro. Ọ̀ràn kan ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, sọ ìbéèrè yìí di ti gbogbo ayé. Ilé ọtí Corkman, ní àdúgbò Carlton, ti wà láti àwọn ọdún 1850, òfin sì dáàbò bò ó. Àwọn tó rà á ní èrò láti kọ́ ilé alájà púpọ̀ síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, iná jó nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú kò sí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wó o palẹ̀ láìgba àṣẹ. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé wọn, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là Ọsirélíà lọ. Owó nìkan kò tó. Ní ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria ṣe òfin tuntun tó lè mú kí wọ́n fòfin de kíkọ́ nǹkan sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Òye tó wà nínú òfin yìí jinlẹ̀ ju ti ìtanràn lọ: bí ilẹ̀ náà kò bá lè pa owó, kò sí èrè kankan nínú wíwó ilé.

Oṣù kan péré ṣáájú ìgbà náà ni Èkó ti rí irú rẹ̀, láìsí iná. Ilé Ilojo Bar ní Tinubu Square, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọdún 1855 ní ọnà àwọn tó ti Brazil dé, ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ni wọ́n wó o. Òfin wà ní Èkó bí ó ti wà ní Melbourne. Ọjọ́ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́nà náà ni àwọn méjèèjì lọ.

Bí ilé bá wá la gbogbo èyí já, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé gogoro mọ́ ọn? Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n sún ilé náà kúrò ní odindi. Ilé James Cooper ní ìkóríta Sherbourne àti Linden, ní Toronto, ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Oníṣòwò bàtà ni Cooper, nǹkan bí ọdún 1881 ni wọ́n sì kọ́ ilé náà fún un. Ní ọdún 2008, àwọn oníṣẹ́ gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ki àwọn ìtì irin bọ ibẹ̀, wọ́n fi jáàkì gbé gbogbo ilé náà, tó wúwo ju 700 tọ́ọ̀nù lọ, wọ́n sì yí i díẹ̀díẹ̀ lọ sórí ìpìlẹ̀ tuntun ní ìtòsí. Ibi tó fi sílẹ̀ ni ilé gogoro alájà 32 ti rí àyè. Ṣùgbọ́n ilé tí ara rẹ̀ le ni èyí wà fún. Ilé tí iná ti jẹ igi àjà rẹ̀ kò lè rin ìrìn náà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi irin kún inú rẹ̀ bí ẹni kún àpò.

Ọ̀nà kejì ni títú u palẹ̀ kí wọ́n sì tún un tò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Bishop's Block, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1830 tó sì ti di àkísà. Wọ́n tú ojú ilé náà, wọ́n sì tún un tò sí ẹsẹ̀ Shangri-La, ilé gogoro tó ga tó mítà 214, tí hòtẹ́ẹ̀lì àti kọ́ńdò jọ wà nínú rẹ̀. Kí irú iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti ya àwòrán ògiri náà délẹ̀délẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí àwọn òkúta àti biríkì tó ní ọnà lára kí wọ́n lè mọ àyè wọn. Àpòpọ̀ láìmù tí àwọn baba ńlá fi mọ ọ́n ṣe ìrànlọ́wọ́, nítorí pé ó rọ̀ ju símẹ́ǹtì lọ, biríkì sì ń yọ nínú rẹ̀ láìfọ́. Fún ìdí kan náà ni wọn kò fi gbọ́dọ̀ fi símẹ́ǹtì líle tún un mọ: omi tó bá wọ ògiri kò ní rí ibi jáde mọ́ bí kò ṣe gba ara biríkì.

Ọ̀nà kẹta ni ilé tí iná jó sábà máa ń bọ́ sí. Ògiri yóò dúró síbi tó wà, ohun gbogbo yòókù yóò sì yí i ká. Wọn yóò kọ́ férémù irin ńlá kan sí ìta ògiri náà, lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré tirẹ̀, kí ó dì í mú lójú fèrèsé àti ní etí òkè. Wọn yóò rọ òpó kọnkéré wọlẹ̀ ní ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ má baà yẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn ògiri náà gan-an ni wọn yóò ti gbẹ́ kòtò àjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọ inú ilẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Jígí kéékèèké ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ yóò sì máa wò wọ́n lójoojúmọ́. Bí ògiri bá sún ju ìwọ̀n mílímítà tí ẹnjiníà fọwọ́ sí, iṣẹ́ yóò dúró. Nígbà tí àjà kọnkéré tuntun bá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọn yóò fi irin tí kì í dípẹtà so ògiri náà mọ́ ọn, kí wọ́n tó tú férémù ìta. Láti ọjọ́ náà lọ, ilé gogoro ni ó ń gbé ògiri tó ti dá gbé ara rẹ̀ fún ọdún 130.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìkọ́lé kan kò fẹ́ràn ọ̀nà yìí rárá. Lójú wọn, egúngún láìsí ẹni nínú ẹ̀kú ni: aṣọ wà, ẹni tó wọ̀ ọ́ ti lọ. Wọ́n jàre dé àyè kan, nítorí pé ilé kì í ṣe ojú nìkan. Bí yàrá ṣe tẹ̀lé yàrá, bí àtẹ̀gùn ṣe gbà, ibi tí ìdáná wà, àwọn wọ̀nyí ni ó ń sọ bí àwọn ènìyàn ṣe gbé inú rẹ̀. Ní New York, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì alájà 51 mọ́ àwọn ilé Villard, tí ilé-iṣẹ́ McKim, Mead àti White ya àwòrán wọn ní àwọn ọdún 1880, ìlànà àkọ́kọ́ yóò ti pa yàrá aláràbarà tí wọ́n ń pè ní Gold Room rẹ́. Àwọn ará ìlú figbe ta, wọ́n yí ìlànà náà padà, yàrá náà sì wà níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n iná kò jó àwọn ilé Villard. Níbi tí iná ti jẹ inú ilé tán, ẹ̀sùn pé ojú nìkan ni wọ́n tọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ojú nìkan ló kù. Ẹjọ́ gidi wà níbi tí inú ilé ṣì lè yè, bí àpẹẹrẹ níbi tí àtẹ̀gùn kan àti yàrá méjì bọ́ lọ́wọ́ iná, tí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ dànù pẹ̀lú èérú nítorí pé ó rọrùn láti kọ́ kọnkéré sí ibi tó ṣófo.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, férémù yóò kúrò, wọn yóò ta àwọn fúláàtì, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Òfin kọ́ńdò ti Ontario ti ọdún 1998 pàṣẹ pé kí àwọn onílé máa dá owó pamọ́ sínú àpò kan fún àtúnṣe àwọn ohun tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Bí ilé àtijọ́ náà bá wà lára ohun àjùmọ̀ní, inú àpò yìí ni owó òkúta pẹlẹbẹ orí òrùlé rẹ̀ yóò ti wá, àti owó ọ̀mọ̀lé tó mọ láìmù í pò, àti owó igi fèrèsé tí kò gbọdọ̀ di pílásítíkì nítorí àdéhùn tó wà lára ìwé ilẹ̀. Ẹni tó ń gbé àjà 29, tí kò tíì wọ inú ilé kékeré náà rí, yóò san ìpín tirẹ̀. Ní ìpàdé ọdọọdún wọn, ẹnì kan lè dìde kí ó béèrè ìdí tí fèrèsé mẹ́fà fi gbà tó iye yẹn, ìgbìmọ̀ yóò sì ní láti ṣí ìwé àdéhùn náà kí wọ́n kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.